Ìnáwó Tí A Mọ Ọjọ́ Rẹ̀ Kì Í Ṣe Àjálù



Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí nínú ilé àwa onígbàgbọ́, kí ó má wo aṣọ tí a ń wọ̀ wá sí ìsìn lọ́jọ́ Àìkú. Kí ó lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì pásítọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí àwọn ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún sáà tuntun. Àga yóò ti kún. Ìyá kan yóò ti ká ìwé owó ilé-ìwé tí wọ́n fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ sínú Bíbélì. Bàbá kan yóò tẹjú mọ́lẹ̀, kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí òun. Bí wọ́n bá sì wọlé tán, gbólóhùn kan náà ni ó máa ń jáde lẹ́nu wọn: "Pásítọ̀, ẹ gbà wá, pàjáwìrì ni!"

A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Àwa tí a ń kọ ọ́ ti jókòó lórí àga yẹn rí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ bi ara wa tìfẹ́tìfẹ́: ǹjẹ́ pàjáwìrì ni oṣù Kẹsàn-án bí? Láti ìgbà tí ọmọ yẹn ti wọ kíláàsì kìn-ín-ní ni a ti mọ̀ pé yóò wọ ìkejì. Kérésìmesì kò yẹ̀ kúrò ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá rí. Onílé kò gbàgbé oṣù tí a kó wọlé. Aláboyún sì ní oṣù bíi mẹ́sàn-án láti fi múra sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Nínú àwọn gbèsè tí a ti rí tí wọ́n ń dorí ìdílé kodò, èyí tí ó pọ̀ jù kì í ṣe ti àjálù. Ti ìnáwó tí a mọ ọjọ́ rẹ̀ dáadáa ni, ṣùgbọ́n tí a kọ̀ láti wo ọjọ́ náà lójú.

ÌGBÀ LE, A MỌ̀

A kì í ṣe àlejò ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ ti di nǹkan bí ₦500. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi iye owó náírà sílẹ̀ fún ọjà láti sọ. Owó ọkọ̀, oúnjẹ, oògùn, gbogbo wọn fò sókè. Nígbà tí wọ́n fi sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ di ₦70,000 láti ₦30,000 ní oṣù Keje ọdún 2024, ọjà ti sáré síwájú tipẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa, aránṣọ, oníṣòwò, awakọ̀, kò tilẹ̀ ní ọ̀gá kankan tí yóò fi kún owó fún wọn.

Nítorí náà, a kò ní parọ́ fún yín pé ètò nìkan yóò sọ owó tí kò tó di èyí tí ó tó. Ohun tí a ń wí ni pé ilé tí owó rẹ̀ kò tó gan-an ni àìwo ọjọ́ ń pa lára jù. Olówó tí ó gbàgbé oṣù Kẹsàn-án yóò lọ sí báńkì. Ẹni tí kò ní tí ó gbàgbé rẹ̀ yóò yá owó èlé. Èlé náà ni yóò jẹ owó oúnjẹ oṣù Kẹwàá. Nítorí pé owó oúnjẹ ti dín, ìrẹsì tí aládùúgbò rẹ̀ rà ní àpò ni òun yóò máa rà ní ife-ife, lówó tí ó wọ́n ju ti àpò lọ. Báyìí ni gbèsè kan ṣe ń bí òmíràn.

ṢÉ ÈTÒ ṢÍṢE JẸ́ ÀÌNÍGBÀGBỌ́?

Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé, "Ọlọ́run yóò pèsè," wọ́n á sì fi gbólóhùn náà ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọ̀rọ̀ owó. Lóòótọ́, Ọlọ́run ń pèsè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe pèsè fún ilẹ̀ Íjíbítì nínú Gẹ́nẹ́sísì orí 41. Ọlọ́run fi ìyàn han Fáráò ní ọdún méje ṣáájú. Jósẹ́fù, ẹni tí Ẹ̀mí Ọlọ́run wà nínú rẹ̀, kò ní kí wọ́n lọ máa dúró de iṣẹ́ ìyanu nígbà tí ìyàn bá dé. Ó ní kí wọ́n máa kó ìdá kan nínú márùn-ún ìkórè pamọ́ lọ́dọọdún. Ìran tí Ọlọ́run fi hàn ni iṣẹ́ ìyanu náà. Kíkó ọkà pamọ́ ni ìgbọràn.

Bákan náà ni ti mánà nínú Ẹ́kísódù orí 16. Ojoojúmọ́ ni ó ń rọ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹfà, ìlọ́po méjì ni wọ́n ń kó, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò ní sí ti ọjọ́ keje. Ẹni tí kò kó méjì lọ́jọ́ kẹfà kò lè pe ebi ọjọ́ keje ní àjálù. Olúwa wa Jésù fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìṣọ́ láì kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀, tí àwọn tó ń kọjá sì fi í rẹ́rìn-ín (Lúùkù 14:28-30). Ìgbàgbọ́ tí kò fẹ́ ṣírò, ìbẹ̀rù ni nígbà mìíràn. A ń bẹ̀rù iye tí a ó rí bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ JẸ́ KÍ A KỌ ỌDÚN SÍLẸ̀

Ẹ wá ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé kan. Ẹ kọ orúkọ oṣù méjìlá sí apá òsì. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbogbo ìnáwó tí ẹ mọ ọjọ́ rẹ̀ sí iwájú oṣù tí ó ń bọ̀: owó ilé-ìwé ní sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó ilé, ìwé àti aṣọ ilé-ìwé, owó ìdánwò àṣejáde bí ọmọ bá ti dé ìpele yẹn, ọdún Kérésìmesì, ìgbéyàwó àbúrò tí wọ́n ti dá ọjọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní owó oṣù ọkọ jẹ́ ₦190,000, tí èrè òwò ìyàwó sì ń tó ₦110,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦300,000. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Wo ìnáwó tí wọ́n mọ ọjọ́ rẹ̀:

Owó ilé fún ọdún kan: ₦400,000.
Owó ilé-ìwé ọmọ méjì, ₦60,000 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní sáà kan, lọ́nà mẹ́ta: ₦360,000.
Kérésìmesì àti aṣọ ọdún: ₦120,000.
Ìkómọ, ìgbéyàwó àti ọ̀rọ̀ ẹbí: ₦80,000.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦960,000. Bí a bá pín in sí oṣù méjìlá, ₦80,000 ni lóṣù kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ìdámẹ́wàá, ₦30,000, àti ₦80,000 yìí, ohun tí ó kù fún oúnjẹ, ọkọ̀, iná àti ìyókù jẹ́ ₦190,000. Ìyẹn gan-an ni owó oṣù tí ilé yìí ní láti ná. Bí wọ́n bá ń gbé ayé bí ẹni tí ó ní ₦300,000, oṣù Kẹsàn-án yóò sọ òtítọ́ fún wọn.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Bí èmi bá ṣe ìṣirò tèmi, kò ní tó rárá." Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sàn kí a mọ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ju kí a mọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án lọ. Ẹni tí ó mọ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ṣì lè wá ilé tí owó rẹ̀ kò tó èyí, tàbí kí ó bá ilé-ìwé sọ̀rọ̀ kí wọ́n jẹ́ kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ó gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé ìjọba, tàbí kí ó wá iṣẹ́ kún iṣẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, gbèsè ni. Àwọn àgbà ti wí i tẹ́lẹ̀: ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Èkó, ẹ rántí pé òfin ilé gbígbé ti ọdún 2011 kò gba onílé láàyè láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kó lọ sí ilé mìíràn, kí ó ṣírò owó ajẹ́ńtì àti ti àgírímẹ́ǹtì mọ́ ọn kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀.

NÍBO NI KÍ A TỌ́JÚ RẸ̀ SÍ?

Owó tí ó bá wà nínú àpò sòkòtò kò ní pẹ́ rí ẹni bá a ná an. Ó ní láti ní ilé tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìyá wa ń dájọ lọ́dọ̀ alájọ. Ó dára fún ẹni tí ń rí owó lójoojúmọ́. Ìdáwó ọjọ́ kan ni alájọ máa ń mú lóṣù fún iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ kàn mọ irú ẹni tí ó jẹ́, kí ẹ mọ ilé rẹ̀, kí ẹ sì má jẹ́ kí owó ọdún kan pé sí i lọ́wọ́. Ẹ máa gbà á lóṣooṣù, kí ẹ gbé e lọ sí ibi tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Èésú náà wà. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń dá ₦20,000 lóṣù, ẹnì kan yóò máa kó ₦200,000. Ọgbọ́n àwọn baba ńlá wa ni. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú nínú wọn gbé e dé Trinidad, "susu" ni wọ́n sì ń pè é níbẹ̀ di òní. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni èyí: ẹ bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ yín kí ìgbà tiyín bọ́ sí oṣù Kẹjọ, kí owó ilé-ìwé lè bá a pàdé. Ẹni tí ó kó èésú ní oṣù Kejì láì ní ohun kan pàtó lọ́kàn, aṣọ ni yóò fi rà.

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ dára púpọ̀ fún òṣìṣẹ́. Láti ọdún 1935 ni òfin ti wà lórí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹni tí ó ti tọ́jú owó dé ìwọ̀n kan lè yá ìlọ́po méjì rẹ̀, pẹ̀lú èlé tí kò pọ̀ àti onídùúró. Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra kí ẹ tó ṣe onídùúró. Ẹni tí ó bá sá, ọrùn yín ni yóò wá sí.

Ní ti báńkì, àjọ ìjọba tí ń jẹ́ NDIC ni ó ń dáàbò bo owó tí a kó síbẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni wọ́n ti sọ iye tí wọ́n lè san fún ènìyàn kan bí báńkì bá wọlé di ₦5,000,000, tí ti báńkì kéékèèké sì jẹ́ ₦2,000,000. Kí ẹ tó kó owó sí ibikíbi, ẹ bèèrè bóyá NDIC mọ̀ wọ́n.

Ẹ sì sá fún ibi tí wọ́n bá ti ṣèlérí èrè òjijì. MMM ṣèlérí ọgbọ̀n náírà lórí ọgọ́rùn-ún náírà láàárín oṣù kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, bí ọdún ṣe ń bọ̀, wọ́n ti owó pa. Àwọn ará wa wà lára àwọn tí ó sunkún. Owó ilé-ìwé ni ẹlòmíràn kó síbẹ̀.

ỌJÀ NÁÀ NÍ ÀKÓKÒ TIRẸ̀

Nígbà tí ọjà bá ń gbówó lórí, owó tí a tọ́jú ń dínkù lágbára. Nítorí náà, kì í ṣe owó nìkan ni ó yẹ kí a máa tọ́jú. Ohun tí a mọ̀ pé a ó lò náà ṣeé rà sílẹ̀ nígbà tí ó bá pọ̀.

Àwọn ìyá wa mọ èyí ju àwa lọ. Epo pupa máa ń pọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kejì dé oṣù Karùn-ún. Ìgbà yẹn ni ó yẹ kí a ra kẹ́ẹ̀gì, kì í ṣe ìgbà tí Kérésìmesì bá ku ọ̀la. Iṣu máa ń dínwó lẹ́yìn tí iṣu tuntun bá ti pọ̀ dé ọjà títí di oṣù Kejìlá. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ sì ti fi èyí tí ó kù gbìn, ó di ọ̀wọ́n. Tòmátì tí ó pọ̀ rẹpẹtẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń wọ́n bí òjò bá ti wọlé, nítorí náà a lè sá a, kí a fi pamọ́ fún ọbẹ̀. Ẹ̀wà máa ń wọlé láti Òkè Ọya lẹ́yìn ìkórè, láti oṣù Kẹwàá dé ìparí ọdún. Bí ẹ bá bẹ̀rù kòkòrò, ẹ sá ẹ̀wà náà gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tí ó mọ́ títí yóò fi kún dé ẹnu, kí ẹ dé e pinpin. Kòkòrò tí kò rí atẹ́gùn mí yóò kú sínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sè é, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú. Yóò tètè jinná, gáàsì á sì dínkù.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká àpò ìrẹsì, kí ó wá ilé mẹ́ta mọ́ tirẹ̀. Bí ilé mẹ́rin bá pín àpò kílò àádọ́ta, kílò méjìlá àtààbọ̀ ni ilé kọ̀ọ̀kan yóò mú lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí ni ẹgbẹ́ ìyá nínú ìjọ wà fún bí kò bá lè ṣe èyí?

Ẹ má sì gbàgbé ohun kéékèèké. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. ₦500 tí ó ń lọ sórí ẹlẹ́rìndòdò àti bisikíìtì lójoojúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lóṣù, ₦13,000 ni. Lọ́dún kan, ₦156,000 ni. Ó ju owó ilé-ìwé sáà kan fún ọmọ méjèèjì inú àpẹẹrẹ wa lọ. Olúwa wa, tí ó lè bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn, ṣì ní kí wọ́n kó àjẹkù jọ kí ohunkóhun má bàa ṣòfò (Jòhánù 6:12). Agbọ̀n méjìlá ni wọ́n rí.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin ìyá oníṣòwò: owó ọjà kì í ṣe owó oúnjẹ. Ẹ dá iye kan fún ara yín lọ́sẹ̀ láti inú èrè, kí ẹ sì fi owó ọjà sílẹ̀ fún ọjà. Ìsọ̀ tí a ń bù jẹ láìkọ sílẹ̀, ọjọ́ kan ni a ó dé ibẹ̀ tí a ó rí àtẹ lásán.

ÒKÚ BÀBÁ, GBÈSÈ ỌMỌ

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dunni jù ni ti ìnáwó ńlá: ìgbéyàwó, ìkómọ, ìsìnkú. Láyé àtijọ́, ẹni tí kò ní owó tí yóò fi sin òkú òbí rẹ̀ máa ń yá a, a sì fi ọmọ tàbí àbúrò ṣe ìwọ̀fà fún olówó. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣàlàyé àṣà ìwọ̀fà. Ohun tí ó burú nínú rẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe jẹ́ èlé lásán. Kò dín owó náà kù. Ọmọ lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí gbèsè bàbá rẹ̀ sì wà digbí.

Ìwọ̀fà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: bàbá tí ó yá owó láti fi pa màlúù méjì ní òkú ìyá rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ sì jókòó sílé ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, ta ni ó ń san gbèsè yẹn? Ọmọ ni.

Nígbà ayé àwọn baba wa, àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà máa ń ta ọjà láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè títí yóò fi san án. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Òṣómàáló. Òṣómàáló ti òde òní wà lórí fóònù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó fi ń yáni lówó. Bí ọjọ́ bá sì kọjá, àwọn kan nínú wọn a máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù onígbèsè, títí kan àna àti pásítọ̀. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ débi pé ní ọdún 2022, àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPC, ṣe ìlànà tí àwọn ayánilówó orí fóònù gbọ́dọ̀ fi forúkọ sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí aṣọ ẹbí gbé yín dé ibẹ̀. Ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje.

Ẹ ka 2 Àwọn Ọba orí 4. Ọkọ opó yẹn bẹ̀rù Ọlọ́run, ọmọ àwọn wòlíì ni, síbẹ̀ ó kú sínú gbèsè, olówó sì wá kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run rẹ̀ kò pa gbèsè rẹ́. Nígbà tí Èlíṣà dé, ó bi í léèrè ohun tí ó ní nínú ilé. Ó mọ̀ ọ́n: ìkòkò òróró kan. Lẹ́yìn iṣẹ́ ìyanu náà, wòlíì kò ní kí ó fi ṣe àríyá. Ó ní kí ó tà á, kí ó san gbèsè, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì jẹ ìyókù. Ẹ ṣàkíyèsí bí ó ṣe tò ó: gbèsè ni ó ṣáájú.

A kò ní kí ẹ má sin òbí yín. Ẹ sin ín bí agbára yín ṣe mọ. Ìtọ́jú tí a fún ìyá nígbà tí ó wà láàyè ni ó mọ̀. Kò mọ iye kúlà tí a gbé kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó sì yẹ kí àwa aṣáájú ìjọ náà gba ìbáwí. Bí a bá ń ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ra aṣọ tuntun fún gbogbo àyájọ́, tí a sì ń rọ àwọn ènìyàn láti jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí agbára wọn kò ká, a kò lè wá yanu bí wọ́n bá tò sí ẹnu ọ̀nà wa ní oṣù Kẹsàn-án. Ìwé Oníwàásù orí 5 ti kìlọ̀ pé ó sàn kí a má jẹ́ ẹ̀jẹ́ ju kí a jẹ́ ẹ kí a má san án lọ.

ÈYÍ TÍ Ó JẸ́ ÀJÁLÙ NÍTÒÓTỌ́

Àìsàn tí ó dé lóru, iṣẹ́ tí ó bọ́, iná tí ó jó ìsọ̀: ìwọ̀nyí ni àjálù. Bí a kò bá ná owó wọn sórí ohun tí a mọ ọjọ́ rẹ̀, a ó rí nǹkan mú nígbà tí wọ́n bá dé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí yóò tó jẹun fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ máa fi kún un. Ní ti àìsàn, òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ẹ wádìí ti ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ kí aláboyún tó wọ oṣù ìbímọ, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ó bá ń rọbí.

ÌRỌ̀LẸ́ KAN LÁÀÁRÍN TỌKỌTAYA

Gbogbo ohun tí a ti sọ kò lè dúró bí ọkọ bá ń fi owó pamọ́ fún ìyàwó, tí ìyàwó sì ń fi pamọ́ fún ọkọ. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ń bí ìjà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni. Bí ìyàwó bá ní, "Ṣé ẹ rí i pé ẹ kò ṣe ojúṣe yín?" ilẹ̀kùn ti tì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá jẹun tán lálẹ́ Sátidé, ẹ jẹ́ kí a jọ kọ ìnáwó ọdún yìí sílẹ̀. Èmi náà á sọ iye tí ó wà lọ́wọ́ mi," ọkọ tí ó ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run yóò jókòó. Bí ọkọ náà bá sì lè sọ pé, "Ìyá Ìbejì, má bínú, gbèsè kan wà tí n kò sọ fún ọ," iṣẹ́ ìyanu ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé yẹn. Kí ìyàwó má fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ohun ìjà lọ́jọ́ mìíràn. Kí wọ́n kọ gbèsè náà sílẹ̀ lórí ìlà àkọ́kọ́, kí wọ́n sì jọ dá ọjọ́ tí yóò tán.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tí ó ti gbọ́njú wà níbẹ̀ fún apá kan. Ọmọ tí ó mọ iye owó ilé-ìwé rẹ̀ kò ní tètè sọ ìwé rẹ̀ nù.

IṢẸ́ Ọ̀SẸ̀ YÌÍ

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ ṣe ohun mẹ́ta péré. Ẹ kọ oṣù méjìlá àti ìnáwó tí ẹ mọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ pín àpapọ̀ rẹ̀ sí méjìlá. Ẹ sì mú ti oṣù kìn-ín-ní kúrò nílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìdajì rẹ̀ ni agbára yín ká. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì yóò dé oṣù Kẹsàn-án pẹ̀lú ìdajì gbèsè.

Àdúrà wa ni pé ní oṣù Kẹsàn-án tí ó ń bọ̀, kí àga ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì pásítọ̀ ṣófo díẹ̀ sí i, kí opó àti ẹni tí àjálù bá lóòótọ́ lè rí ibi jókòó, kí owó ìrànwọ́ ìjọ sì tó wọn. Kí Ọlọ́run tí ó fún Jósẹ́fù ní ọgbọ́n bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín, kí ó sì fi àlàáfíà sáàárín ẹ̀yin àti àwọn ará ilé yín, ní orúkọ Jésù. Àmín.